Etí Wúrà Nínú Èéfín Ata

Bí ẹ bá kan ilẹ̀kùn Evlogi Pashov, etí rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jáde sí yín. Imú á tẹ̀ lé e, ikùn á tẹ̀ lé imú, lẹ́yìn náà ni Evlogi fúnra rẹ̀ yóò wá dé. Etí ọ̀hún kò kúkú tóbi ju ti ẹlòmíràn lọ. Bó ṣe ń gbé e káàkiri ló tóbi. Á dá orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, á gbé àgbọ̀n sókè, á dúró bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi adé kọ́ létí.

Ní àdúgbò Trakiya, nílùú Plovdiv, Elétí Wúrà ni wọ́n ń pè é. Òun ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn aládùúgbò kàn gba orúkọ náà lẹ́nu rẹ̀ ni, wọ́n sì bù sí i. Elétí Wúrà, Agbọ́-ìrìn-eèrà-lórí-òwú, ọkùnrin tó gbọ́ ikọ́ ẹja nísàlẹ̀ odò Maritsa. Bí wọ́n bá ń kì í báyìí lórí àtẹ̀gùn, inú rẹ̀ á máa dùn, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọba tó ń gba ìsákọ́lẹ̀. Kò mọ̀ pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ohun kan ṣoṣo tí etí wúrà ọ̀hún kì í gbọ́ nìyẹn.

Ṣọ́ọ̀bù awò ojú ni Evlogi ní. Ojú àwọn ènìyàn ló fi ń jẹun, etí tirẹ̀ ló fi ń yan. Ẹgbẹ́ kan wà nílùú náà tí wọ́n ń pè ní Ẹgbẹ́ Agbọ́rin. Wọ́n máa ń pàdé ní pálọ̀ ara wọn láti dán sípíkà wò: kì í ṣe èyí tó ṣeé kì bọ àpò o, àwọn gàgàrà tí wọ́n ń dá dúró nílẹ̀ ní méjì-méjì bí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Wọ́n á fi orin sí i, wọ́n á tẹ́tí, wọ́n á sì sọ èyí tó dáa jù. Ẹni bíi Todora, tó ń ta oògùn ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, á ní, "Èyí dùn," tàbí, "Èyí ń kùn." Ìyẹn ti tó Todora.

Kò tó Elétí Wúrà. Òun á fi aṣọ dúdú di ojú, ó ní ojú ni ọ̀tá etí. Á jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó wà láàárín gbùngbùn pálọ̀, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí, orí àga yẹn nìkan ni orin ti ń dé pé. Kó tó kan àwọn tó dúró lẹ́yìn, ó ti ku egungun. Á wá bẹ̀rẹ̀. Á ní gòjé yẹn jókòó sẹ́yìn fèrè bí àna tó ń bínú. Á ní ohùn ìsàlẹ̀ ní èékánná. Nígbà kan, ó ní òun gbọ́ ọ dájú pé ẹni tó ń tẹ dùùrù kò tíì jẹun àárọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ á máa wo ojú ara wọn. Ta ló fẹ́ jẹ́ ẹni tí kò gbọ́ ebi onídùùrù?

Àwọn àgbà ní etí tó ń gbọ́ ohun tí ẹyẹ ń rò lókè kì í gbọ́ ìyàwó tó ń pè é wá jẹun nísàlẹ̀. Bí àgbà kankan ò bá tíì pa òwe náà, kí wọ́n yáa pa á, torí Donka ti ń dúró dè é tipẹ́.

Donka ni ìyàwó Evlogi, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń fẹ́ràn àkùkọ tó gbà pé òun ló ń kọ tí oòrùn fi ń yọ. Ohun tí kò fẹ́ràn ni ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí tábìlì rẹ̀.

Tábìlì igi ńlá ni, ìyá Donka ló fi sílẹ̀ fún un, ìdílé méjì lè jókòó yí i ká kí ìgúnpá má kan ìgúnpá. Evlogi ti ní kí wọ́n gbé e lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń kó ẹrù sí, láàárín táyà àtijọ́ àti kẹ̀kẹ́ tí kò ní ẹsẹ̀ mọ́. Ó ní ńṣe ni tábìlì náà ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ mì. Láti ìgbà náà, orí itan ni wọ́n ti ń jẹun. Nígbà tí Nevena ọmọ wọn wá kí wọn láti Sofia, ọbẹ̀ ẹ̀wà dà sí ọkọ rẹ̀ lórí sòkòtò tuntun. Evlogi ní kí àna òun má bínú, ó ní ṣùgbọ́n kó tẹ́tí sí bí ohùn ìsàlẹ̀ ṣe ti sanra.

Donka fi ara dà á títí oṣù Kẹsàn-án fi dé. Oṣù Kẹsàn-án, oṣù tàtàṣé ni. Gbogbo ilé á gbé ìkòkò iná mànàmáná tí wọ́n fi ń sun ata sórí bálíkónì, wọ́n á sun tàtàṣé títí èèpo rẹ̀ á fi dúdú, wọ́n á bó o, wọ́n á rọ ọ́ sínú ìgò de ìgbà òtútù. Ìdí tábìlì Donka ni àwọn obìnrin àjà kẹrin ti máa ń bó tiwọn, pẹ̀lú òfófó àti ife ọtí rakiya kékeré. Lọ́dún yìí, àpò tàtàṣé dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Donka, ó ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sì sí tábìlì.

Àkókò yìí gan-an ni Ganev gbé sípíkà dé.

Ganev, oníṣòwò sípíkà, bàtà rẹ̀ ń dán ju ojú rẹ̀ lọ. Sípíkà méjì tó gbé wá ga ju Donka, wọ́n dúdú, wọ́n ń kọ mànà bí ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé òkú olówó. Evlogi sọ wọ́n ní àwọn Ọba Méjì. Àdéhùn wọn ni pé bí Ẹgbẹ́ Agbọ́rin bá fi wọ́n ṣe sípíkà ọdún, Ganev á fi wọ́n sílẹ̀ fún Evlogi láéláé, nítorí pé lẹ́nu Elétí Wúrà ni gbogbo ẹgbẹ́ ti ń gba ọ̀rọ̀.

"Láéláé," Donka sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀. "Tábìlì mi ńkọ́?"

Evlogi ṣàlàyé pé ọba kì í bá tábìlì gbé pálọ̀ kan náà.

"Bí ẹgbẹ́ ò bá wá yàn wọ́n ńkọ́?"

"Ganev á wá kó wọn lọ, tábìlì rẹ á sì gòkè wá lọ́jọ́ náà gan-an. Mo fi etí mi búra." Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n èmi ni màá dá ẹjọ́ náà, Donka."

Donka ṣírò ọ̀rọ̀ náà, ó sì rí i pé tábìlì ìyá òun ti kú nìyẹn.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tó lè gbà á là, ìgbéraga Evlogi ló sì pèsè rẹ̀. Kí ayé lè mọ̀ pé etí òun kì í ṣe ojúsàájú, ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ níwájú ẹgbẹ́ pé kí wọ́n ta aṣọ ìkélé, kí wọ́n fi àwọn Ọba Méjì pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú sípíkà àtijọ́ tí bàbá Todora fi sílẹ̀ fún un, èyí tí ológbò ti ya aṣọ ìbòjú rẹ̀. Kí wọ́n máa lù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má mọ èyí tó ń kọrin. Òun á yàn.

Ẹgbẹ́ pàtẹ́wọ́. Evlogi tẹrí ba. Ó délé, Todora gbé sípíkà tirẹ̀ wá, Evlogi di ojú, ó ní kí Donka máa tẹ bọ́tìnnì tó ń yí orin láti sípíkà kan sí èkejì, kóun fi dánra wò díẹ̀. Donka tẹ̀ ẹ́, ó ní, "Èwo nìyí?" Evlogi ní àwọn Ọba ni. Ti ológbò ni. Donka tún tẹ̀ ẹ́. Evlogi ní háà, ẹ gbọ́ ìṣẹ́, ẹ gbọ́ òṣì, ti Todora nìyí. Àwọn Ọba ni. Wọ́n ṣe é títí ọ̀fun Evlogi fi gbẹ. Níkẹyìn ó tú aṣọ ojú, ó ní ọwọ́ Donka ló ń tẹ bọ́tìnnì pẹ̀lú iyèméjì, iyèméjì ọ̀hún ló sì ń wọ inú orin.

Lọ́jọ́ kejì Ganev wá, àwọn méjèèjì jókòó sí ilé ìdáná bí olè tó ń pín ẹran. Donka ń gé búrẹ́dì lẹ́yìn wọn. Àwọn ọkùnrin gbà pé obìnrin tó bá ń gé búrẹ́dì kì í gbọ́ràn.

Ganev ní kó fọkàn balẹ̀. Bí tòun bá ti ń kọrin lẹ́yìn aṣọ, òun á wúkọ́. "Ikọ́ kékeré, ọ̀gá Pashov. Ikọ́ ọmọlúàbí. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ yìn ín."

Evlogi kọ́kọ́ fa ojú ro. Ó ní òun ò nílò rẹ̀ rárá. Lẹ́yìn náà ló wá ní kí Ganev wú u kóun gbọ́, kóun má baà ṣì í mú fún ikọ́ ẹlòmíràn.

Donka tẹ ọ̀bẹ mọ́lẹ̀ sí i. Ó gé búrẹ́dì náà tán, ó gé pátákó tó wà lábẹ́ rẹ̀ díẹ̀.

Ó ku ata. Evlogi gbà pé bí gbogbo ilé bá ń sun ata lẹ́ẹ̀kan náà, iná mànàmáná á dọ̀tí, ìdọ̀tí náà á sì wọ inú orin. Nítorí náà, ó rán Donka sí àwọn aládùúgbò pé lọ́jọ́ Sátidé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sun ata títí òun á fi dájọ́ tán. Donka kò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò nínú iṣẹ́ náà, kò sì fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ilé Màmá Zlatka ló ti bẹ̀rẹ̀, ìyá arúgbó tí bálíkónì rẹ̀ fara kan tiwọn, tí pákó fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo là wọ́n láàárín.

"Ìdọ̀tí?" ni Màmá Zlatka wí. "Ṣé iná mànàmáná ti wá di aṣọ funfun ni?"

"Ó ní òun á gbọ́ ata yín nínú orin, mà."

Màmá Zlatka wò ó títí. Sátidé kọ́ ló tiẹ̀ fẹ́ sun ata rẹ̀, Sọ́ńdè ni. "Ọmọ mi," ó ní, "lọ sọ fún ọkọ rẹ pé ó máa gbọ́ ọ. Ó máa gbọ́ ọ dáadáa." Ó sì wọlé lọ wá àpò ata ṣọ̀ńbọ̀ tó ń ta bí agbọ́n, èyí tó ti fẹ́ fi fún àbúrò rẹ̀ ní abúlé.

Bó ṣe rí nílé kejì nìyẹn, bó ṣe rí nílé kẹta. Àwọn tí kò ní ata nílé lọ ra ata. Nígbà tí Evlogi bi Donka léèrè ohun tí wọ́n wí, ó ní wọ́n ní kò sí ohun tí kò ní gbọ́. Inú Evlogi dùn. Ó ní wọ́n ti ń mọ iyì òun.

Sátidé pé. Ẹgbẹ́ Agbọ́rin kún pálọ̀, wọ́n dúró sẹ́yìn àga bí ẹrú lẹ́yìn ìtẹ́. Todora bọ́ sẹ́yìn aṣọ ìkélé, nítorí òun nìkan ni gbogbo wọn gbà pé kò mọ irọ́ pa, bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé sípíkà tirẹ̀ wà níbẹ̀. Ganev dúró lẹ́bàá fèrèsé, ó ti tún ọ̀fun ṣe. Evlogi di ojú, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ tuntun.

Ooru mú. Evlogi ti ti ilẹ̀kùn bálíkónì pa kí ariwo ayé má wọlé. Donka ní kò ní dáa kí àlejò dákú sóun lọ́wọ́. Ó ṣí i sílẹ̀ gbayawu.

Orin bẹ̀rẹ̀, obìnrin kan tó ń kọ orin orí òkè. Sípíkà Todora ni. Ganev pa ẹnu mọ́ bí àpamọ́wọ́ ahun. Evlogi náà pa ẹnu mọ́, ó ń dúró de ikọ́.

Ìgbà náà ni èéfín ṣọ̀ńbọ̀ Màmá Zlatka yọ sí wọn.

Ẹni tí ata ti ta lójú iná rí ló mọ̀ ọ́n. Kì í kan ilẹ̀kùn. Ó kọ́kọ́ wọ imú Ganev, torí òun ló súnmọ́ bálíkónì jù. Imú náà gbọ̀n. Ganev fún un. Ojú rẹ̀ kún fún omijé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ti ọ̀pọ̀lọ́, ó di í, ó di í, ó bẹ́. Ikọ́ náà mi gíláàsì inú kọ́bọ́ọ̀dù.

"Háà," ni Evlogi wí, oyin sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ẹ wo obìnrin yìí, ó dúró síbí, òun lè fọwọ́ kan gèlè rẹ̀. Ó ní ẹ gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀, ó rìn wọlé bí olóyè, ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ganev ń ju ọwọ́ sókè, ó ń fi ìka ṣe rárá, rárá, sí ọkùnrin tó fi aṣọ dúdú di ojú.

Todora yí i padà. Ó kan àwọn Ọba Méjì. Ganev wá wúkọ́ tọkàntọkàn, pẹ̀lú gbogbo ohun tí ìyá rẹ̀ bí mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ata ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn wàyí. Ọ̀tún ń wúkọ́, òsì ń wúkọ́, Todora ń sín lẹ́yìn aṣọ. Ikọ́ ọmọlúàbí sọnù sínú ikọ́ ará ìlú bí ewúrẹ́ kan nínú agbo. Evlogi ń yí etí káàkiri, ojú rẹ̀ dà bíi ti ọmọ tí ìyá rẹ̀ jù sílẹ̀ lọ́jà.

"Èyí," ó ní. "Èyí náà... Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan sí i."

Donka kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó lọ sí ilé ìdáná. Ó wo àpò tàtàṣé rẹ̀. Ó wo ìkòkò ìsun-ata rẹ̀ tó dákẹ́ láti ọjọ́ yìí. Ó mọ̀ dájú pé wáyà ilé wọn kò lè gbé ìkòkò yẹn àti ẹ̀rọ ńlá tí Evlogi so mọ́ sípíkà lẹ́ẹ̀kan náà; Evlogi fúnra rẹ̀ ló ń kìlọ̀ fún un lójoojúmọ́. Ó fi tàtàṣé kan sínú ìkòkò. Ó ki wáyà rẹ̀ bọ ojú iná ara ògiri.

Tá. Iná ilé wọn kú.

Ọwọ́ Donka dé ibi tí wọ́n ti ń tan án padà. Ó ro ti ọbẹ̀ ẹ̀wà tó dà sórí sòkòtò àna rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ náà sọ̀ kalẹ̀, ó sì padà lọ wòran.

Ní pálọ̀, sípíkà méjèèjì ti dákẹ́ bí òkúta. Ṣùgbọ́n láti bálíkónì kejì, orin kan ń wọlé: rédíò Bàbá Mincho, ọkọ Màmá Zlatka, tí wọ́n fi téèpù wé lára bí ẹni tó ṣẹ́ egungun, àwọn ìyá àgbà ń kọrin níbẹ̀. Bàbá Mincho fúnra rẹ̀ ti sùn lọ lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò náà, ẹnu là, ó ń hanrun.

Gbogbo ẹgbẹ́ ti mọ̀. Todora ti yọ orí jáde lẹ́yìn aṣọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tí kò mọ̀. Ganev rí i pé Evlogi ń gbé àgbọ̀n sókè, ó sì rí ewu. Kí ló tún lè ṣe? Ó wúkọ́ láti fi kìlọ̀ fún un. Ó tún un wú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tu ẹ̀dọ̀fóró.

Ọkàn Evlogi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ó dìde lórí àga, irú èyí tí kò ṣe rí.

"Ẹ̀yin ará," ó ní, "àwọn nìyí. Ẹ má jẹ́ ká fi àkókò ṣòfò mọ́. Ti àkọ́kọ́ ti ṣìnà, ti èkejì ti ṣìnà, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí, orí ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Ṣé ẹ gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀ yẹn? Bó ṣe ń gòkè, tó dúró, tó tún ń sọ̀ kalẹ̀? Ẹ̀rọ nìyẹn tó ní ẹ̀mí. Ohùn ìsàlẹ̀ tó mọ́ tó báyìí kò wọ ilé yìí rí láyé."

Bàbá Mincho fa ọ̀kan gùn, ó fi òòfé parí rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ ìyẹn," ni Elétí Wúrà wí. "Ẹ gbọ́ ẹwà."

Todora rọra bi í bóyá ó dá a lójú.

"Mo fi etí mi búra."

"Ó dáa, ọ̀gá Evlogi. Ẹ tú aṣọ ojú yín. Iná ti lọ kẹ́ ẹ tó yàn."

Evlogi tú u. Ó wo iná pupa kékeré ara ẹ̀rọ rẹ̀: ó ti kú. Ó wo ẹnu àwọn ẹgbẹ́: gbogbo rẹ̀ ló fún pọ̀. Orin ṣì ń lọ. Ó tẹ̀ lé orin náà dé bálíkónì, ó na ọrùn kọjá pákó, ó sì bá ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀ nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, itọ́ ń yọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ọlọ́gbọ́n ì bá dákẹ́. Evlogi yí padà, ó na ìka sí oníṣòwò sípíkà.

"Ganev, ṣebí o wúkọ́!"

Todora, tí kò mọ irọ́ pa, kò mọ bí wọ́n ṣe ń fojú fo nǹkan náà. "Kí ni ikọ́ rẹ̀ wá ní í ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

Evlogi wo Ganev. Ganev ń wo bàtà rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà yé wọn, ó ń ti orí ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíràn, títí ẹni tó dúró lẹ́yìn pátápátá, tó ti ń tijú láti ọjọ́ onídùùrù pé òun ò gbọ́ ebi, fi bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn bú sí i. Ẹ̀rín pàdé èéfín ata lọ́nà ọ̀fun, ẹ̀rín di ikọ́, ikọ́ di ẹ̀rín, àwọn kan jókòó sílẹ̀.

Màmá Zlatka, tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn pákó, gbún ọkọ rẹ̀ ní ìgúnpá. "Mincho, jí. Ìwọ ni sípíkà ọdún."

"Kí ni mo ṣe?"

"O borí. Máa sùn lọ."

Ẹgbẹ́ dìbò lójú ẹsẹ̀, kò sí ẹni tó tako Bàbá Mincho. Sípíkà Todora ṣe ìkejì. Ganev ní òun ti rántí pé ẹnì kan ń dúró de òun ní ṣọ́ọ̀bù.

Ẹlẹ́fétọ̀ ilé náà kò gba àwọn Ọba Méjì, orí àtẹ̀gùn ni wọ́n gbà sọ̀ kalẹ̀, Ganev ní iwájú, Evlogi lẹ́yìn. Ní àjà kejì, wọ́n pàdé tábìlì Donka tó ń gòkè bọ̀ lórí èjìká Ẹgbẹ́ Agbọ́rin. Àyè kò gba méjèèjì. Donka, tó ń tọ́ tábìlì sọ́nà, dúró, ó ń wo ọkọ rẹ̀. Evlogi wo tábìlì náà, ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó gbé Ọba mọ́ àyà, ó sì yà kí tábìlì kọjá.

Nígbà tó padà wọlé, wọ́n ti jókòó yí tábìlì ká, gbogbo ẹgbẹ́, Màmá Zlatka, àti Bàbá Mincho tí wọ́n fi sórí àga àárín gbùngbùn. Wọ́n ti tan iná padà, ìkòkò ń jó, wọ́n ń bó tàtàṣé. Kò sí ẹni tó pè é ní Elétí Wúrà. Wọ́n kàn sún fún un. Ó jókòó jẹ́ẹ́, ó mú tàtàṣé gbígbóná kan.

Donka bi í bóyá ìyẹn ti jinná.

Evlogi ò tiẹ̀ rò ó. Ó dá orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó sì gbé tàtàṣé náà lọ sí etí.

Gbogbo ọwọ́ tó ń bó ata dúró. Donka na ọwọ́ kọjá tábìlì, ó gba tàtàṣé náà kúrò létí rẹ̀, ó sì fi í sí i lẹ́nu.